Mo Gun Ọ̀kadà Wọ Yunifásítì Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ará àdúgbò mi ní Ìgándò, ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ẹni tó bá pàdé mi lọ́nà mọ́ṣáláṣí á ní, "Bàbá Múlíkà, ẹ kú àbọ̀ o, ìlú òyìnbó ńkọ́?" Mo ti sọ ọ́ títí, ọ̀fun mi ti gbẹ. Mo wá rò ó pé kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ jókòó kà á. Kì í ṣe ìlú òyìnbó ni mo lọ. Àjàṣẹ́ ni, lẹ́yìn ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Faransé. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kànga gbígbẹ́, tí gbogbo ìrìn-àjò rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ kò ju Ògbómọ̀ṣọ́ lọ nígbà Iléyá, ibẹ̀ jìnnà tó.

Yunifásítì ni mo lọ. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ó ń dùn mọ́ mi lẹ́nu: èmi, Múfútáù agbẹ́kànga, tí mi ò kà ju ìwé mẹ́fà lọ, yunifásítì ni mo lọ.

Ọmọ mi obìnrin, Múlíkátù, ti wà níbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Ìgbà tí ìròyìn bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ pé àwọn kan ń lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ra ìwé-ẹ̀rí ní òdìkejì ẹnubodè ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bàbá Ṣeun, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé wa, ẹni tó fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tó tún ń kọ́lé mìíràn lọ́wọ́ ní Ayọ̀bọ̀, ló sọ ọ́ sí mi létí níbi ìpàdé. Ó ní, "Bàbá Múlíkà, ẹ má bínú o, ṣé kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ yín níbẹ̀?" Gbogbo ìpàdé rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ohun tó tún dùn mí jù ni pé mi ò mọ èsì tí mo lè fún un. Mi ò gbọ́ Faransé. Mi ò mọ ohun tí ọmọ mi ń kọ́ gan-an. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tó bá wálé nígbà ìsinmi, á máa gbé ìgò kéékèèké kiri àdúgbò, á máa bu omi kànga onílé yìí, á máa bu ti onílé tọ̀hún, á sì kọ nǹkan sára ìgò. Àwọn èèyàn á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé bàbá ń gbẹ́ omi, ọmọ ń rọ ọ́ sí ìgò.

Lọ́jọ́ kan ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Bàbá mi, wọ́n ti mú ọjọ́ fún mi. Màá dúró síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n á máa bi mí ní ìbéèrè lórí ìwé tí mo kọ, lójú gbogbo èèyàn. Tí mo bá yege, ó parí nìyẹn. Àwọn òbí máa ń wá, sà."

Mo ní, "Mo ń bọ̀." Mi ò tíì mọ bí màá ṣe dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo ń lọ wá. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i bóyá òótọ́ ni ẹ̀kọ́ yìí, kí ọkàn èmi alára lè balẹ̀, kó tó wá kan ti Bàbá Ṣeun.

*Ẹnubodè*

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àti gẹ́rẹ́jì dá yín lágara, gbogbo wa la mọ Ìyànà-Ìbà. Ìyàwó mi ò lè bá mi lọ, nítorí ìyàwó ọmọ wa àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Àkọ̀wọ̀njọ̀, òun ló ń wẹ ọmọ fún un. Ṣùgbọ́n ó po àádùn kún ike ńlá kan, ó ní wọn kì í lọ kí ọmọ lọ́wọ́ òfo. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo ká agbádá gínnì mi sínú báàgì, mo gbé ike àádùn lé itan, ó di ẹnubodè.

Ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, gba ìwé ìrìnnà mi. Ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ mi. Mo ní mò ń gbẹ́ kànga. Ó bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní yunifásítì. Ó wo ìwé náà, ó wo ọwọ́ mi tó ti le gbagidi, ó tún wo ìwé náà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ fẹ́ lọ gbẹ́ kànga fún wọn ni, àbí ẹ fẹ́ lọ kàwé?"

Mo ní, "Ọmọ mi ló ń kàwé níbẹ̀. Ọ̀la ló máa parí rẹ̀. Èmi kàn fẹ́ lọ jókòó wò ó ni."

Ọkùnrin náà dìde lórí àga rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé mi padà fún mi. "Ẹ kú oríire o, Bàbá. Ẹ bá mi kí i dáadáa." Mo ti máa ń gbọ́ oríṣiríṣi ìtàn nípa ẹnubodè, ṣùgbọ́n ohun tí ojú tèmi rí níbẹ̀ nìyẹn, inú mi sì dùn láti kọ ọ́.

Bí mo ṣe fò ó kọjá báyìí, mo di àjèjì. Ní Ìgándò, kò sí pátákó tí mi ò lè kà. Tí ó bá jẹ́ ti oníṣègùn, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ẹni tó ń ta ríǹgì kànga, màá kà á látorí ìjókòó. Níbí, mo rí A, mo rí B, gbogbo lẹ́tà tí tíṣà nà wá lé lórí ló pé síbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ ń sọ kò yé mi. Ó ṣe mí bákan. Mo wá ń rò ó pé irú ibí ni ọmọ mi dá dé lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, tòun ti báàgì kan, tó sì kọ́ èdè yìí títí tó fi lè fi kọ̀wé. Àánú rẹ̀ ṣe mí, orí mi sì wú.

*Obìnrin ará Sákétẹ́*

Takisí wọn níbẹ̀, èèyàn méjì ló ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, mẹ́rin lẹ́yìn. Mo wọlé bí a ṣe ń wọ ọkọ̀ ní Èkó: mo ti ìdí bọ ààyè, mo gbé ẹrù mi lé ẹsẹ̀, mo dákẹ́. Gbogbo ọkọ̀ yíjú wò mí. Ẹni tó wọlé tẹ̀ lé mi ní, "Bọ̀ǹjúù," gbogbo wọn sì dá a lóhùn. Ẹni tó tún wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ṣe bákan náà. Mo rí i pé èmi nìkan ni mi ò kí ẹnikẹ́ni.

Obìnrin tó jókòó tì mí, ẹni tó ti dàgbà díẹ̀, tó wé gèlè funfun, wo fìlà mi. Ó ní, "Ẹ kú ìrìn o, Bàbá." Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ó fi ohùn gbé e bí ìyá ìyá mi ṣe máa ń gbé e. Inú mi dùn débi pé díẹ̀ ló kù kí n dì mọ́ ọn. Ó ní ará Sákétẹ́ lòun, pé Nàgó ni wọ́n ń pe àwọn níbẹ̀, pé òun ń lọ kí ọmọ òun ní Àjàṣẹ́. Mo sọ ibi tí mò ń lọ fún un. Ó pàtẹ́wọ́, ó sì sọ ọ́ ní Faransé fún gbogbo ọkọ̀. Dírẹ́bà yí orí padà, ó kí mi. Àwọn ará ẹ̀yìn kí mi. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa juwọ́ sí wọn bí olóṣèlú.

Ìyá Sákétẹ́ wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan fún yín. Níbí, ẹ máa kí èèyàn kí ẹ tó bi í ní nǹkan. Bí ẹ bá bèèrè ọ̀nà láìkí èèyàn, ṣe ni wọ́n á máa wò yín."

Kí wọ́n máa kọ́ èmi ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní ìkíni! Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo tún rò ó wò, mo rí i pé obìnrin náà ò purọ́. Èkó ti gba ìkíni lẹ́nu mi, mi ò sì mọ ìgbà tó gbà á. Bí a bá fẹ́ bèèrè ọ̀nà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ṣe la máa pariwo orúkọ ibi tí à ń lọ, ẹni tó gbọ́ á nawọ́, ó tán.

Mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá. Kí ló tún kù?"

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ọ̀la yẹn. Mo ti bá wọn débẹ̀ rí, nígbà ti ọmọ àbúrò mi. Ẹ̀yìn ni àwọn ẹbí ń jókòó. Ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ohun yòówù tí wọ́n bá ń sọ sí i, bó ti wù kí ohùn wọn le tó, ẹ jókòó yín. Àbúrò mi bú sẹ́kún, wọ́n ní kó lọ dúró síta. Ìta ló wà títí ọmọ rẹ̀ fi ṣe tán."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo tilẹ̀ búra fún un pé bí ilé ń jó lọ́jọ́ náà, mi ò ní dìde.

*Omi àlejò*

Múlíkà ló wá pàdé mi ní gẹ́rẹ́jì Àjàṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, láàárín àwọn ọkọ̀, tòun ti ìwé lápá. Ó ti rù. Mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, mo ṣàdúrà fún un, a sì lọ sí ilé tó ń gbé.

Ìyá onílé rẹ̀, ẹ̀yà Gùn ni, àwọn tí à ń pè ní Ègùn, kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. "Kúàbọ̀," ló sọ, ìyẹn sì yé mi láìsí ògbufọ̀. Kó tó bi mí ní ohunkóhun, kó tó bèèrè ará ilé, ó bu omi tútù sínú abọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Múlíkà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn, pé àlejò gbọ́dọ̀ mu omi kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo irú ìlú tó yẹ agbẹ́kànga. Mo mu ún tán, mo bèèrè pé níbo ni omi náà ti wá. Wọ́n mú mi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo yọjú sínú kànga wọn, mo wo bí wọ́n ṣe to ríǹgì, mo yin ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ìyá onílé ń wò mí tẹ̀ríntẹ̀rín. Mo gbà pé kò tíì sí àlejò tó dé tó kọ́kọ́ lọ kí kànga rẹ̀.

Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi, àmíwó ni wọ́n ń pè é. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni, wọ́n fi omi ọbẹ̀ ata àti tòmátì rò ó títí tó fi pupa, wọ́n gbé adìyẹ díndín lé e. Mo kọ́kọ́ ń wá ọbẹ̀ tí màá fi jẹ ẹ́, àṣé ọbẹ̀ ti wà nínú òkèlè. Mo jẹ ẹ́, mo tún béèrè sí i. Mi ò ní tàn yín, mi ò rántí iṣu.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Múlíkà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ọ̀kan wà nínú wọn, onírùngbọ̀n, ó le gan-an. Ó ti dá àwọn kan padà rí."

Mo ní, "Kò ní dá ọ padà." Ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀.

*Agbádá lórí ọ̀kadà*

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Múlíkà ti kọ́kọ́ lọ kó lè palẹ̀ mọ́. Ó ní kí n gun ọ̀kadà tẹ̀ lé òun, pé kẹ̀kẹ̀nọ̀ ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Mo wọ agbádá mi, mo dé fìlà mi, mo gbé ike àádùn, mo bọ́ síta.

Mo kí ọlọ́kadà náà dáadáa. Mo kí i kú àárọ̀, mo kí i kú iṣẹ́, mo tún fi "bọ̀ǹjúù" kan sí i kó má baà dín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. Mo ní, "Yunifásítì." Ó ní, "Inifẹ́síté," ó mi orí. A lọ.

Ẹ fojú inú wo bàbá yín. Ọwọ́ kan di fìlà mú, apá kejì di ike àádùn mọ́ra, agbádá gbé afẹ́fẹ́, ó fẹ̀ lẹ́yìn mi bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. A ò tíì rìn jìnnà tí ọkùnrin náà fi dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Mo rò pé ó fẹ́ sọ mí kalẹ̀. Ṣe ló ká etí agbádá mi kúrò nítòsí táyà, ó yọ okùn tó fi ń di ẹrù, ó fi dì í mọ́ mi nídìí, ó sì tún kó okùn náà sẹ́yìn kó má baà hàn. Kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ti ń gun ọ̀kadà ní Ìkọ̀tún kí ìjọba tó máa lé wọn, kò sí ẹni tó bójú tó agbádá mi báyìí rí.

Nígbà tá a dé ẹnu ọ̀nà ọgbà náà, ọlọ́kadà bá ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ ní èdè Gùn, ó tọ́ka sí mi. Ẹ̀ṣọ́ dìde, ó ṣí géètì. "Bọ̀nárìfé, Pàpá." Múlíkà ti sọ fún mi lálẹ́ àná pé ìkáàbọ̀ tiwọn nìyẹn. Mo juwọ́ sí i.

Igi máńgòrò ló pọ̀ nínú ọgbà náà. Mo rí àwọn ọmọ lábẹ́ wọn, àwọn kan ń kàwé sókè, àwọn kan ń jiyàn, ọ̀kan ti sùn lọ pẹ̀lú ìwé lójú. Mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, mò ń wá ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé-ẹ̀rí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Mi ò rí i. Ọlọ́kadà ń dúró, ó ń kí èèyàn, ó ń bèèrè, ó tún ń lọ, títí a fi dé iwájú ilé kan tí Múlíkà dúró sí nínú kóòtù dúdú. Ó fi mí lé e lọ́wọ́, ó tú okùn rẹ̀, ó gbọn eruku kúrò lára agbádá mi kó tó lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Níbikíbi tó bá wà, kí Ọlọ́run bá mi ṣọ́ ọ.

*Níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n*

Yàrá náà kò tóbi. Tábìlì gígùn kan wà níwájú, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta jókòó sídìí rẹ̀: ọ̀gá wọn, tó jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lo gíláàsì, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àti onírùngbọ̀n. Mo jókòó sẹ́yìn bí Ìyá Sákétẹ́ ṣe wí, mo gbé àádùn sábẹ́ àga.

Múlíkà bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn rẹ̀, kò gbọ̀n. Wọ́n wá tan iná kan sára ògiri, ni mo bá rí àwòrán Ìgándò. Mo rí àdúgbò wa, mo rí kànga ilé Ìyá Sàfú tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́, tòun ti ríǹgì tó ya létí. Mo fẹ́ sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé iṣẹ́ mi nìyẹn, mo rántí ìbúra mi, mo pa ẹnu mọ́.

Ó wá kan onírùngbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ ròkè. Ó ń fi ìka gbá ìwé ọmọ mi lórí tábìlì, ó ń gbá a, ó ń gbá a. Obìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mi orí. Múlíkà ò fèsì. Ó sorí kọ́, ó ń wo ilẹ̀. Onírùngbọ̀n tún bi í léèrè, ó tún gbá ìwé.

Mo di àga mú. Mo rántí Ìyá Sákétẹ́, mo rántí àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ní kó jáde. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, bí àgbà bá ń bínú sí ọmọ rẹ lójú rẹ, ìwọ lo máa bá a bẹ̀bẹ̀. Òbí tó bá jókòó tó ń wòran, àwọn èèyàn á máa bèèrè bóyá òun ló bí i. Ẹsẹ̀ mi gbéra kí n tó mọ̀. Mo kọjá láàárín àwọn àga, mo kó agbádá mọ́ra, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú tábìlì náà.

Mo ní, "Ẹ dákun, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọmọdé ni. Ohunkóhun tó bá ṣe, èmi bàbá rẹ̀ ni kí ẹ bá wí. Ẹ bá mi foríjì í."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, ó tún dákẹ́. Múlíkà kúnlẹ̀ tì mí, ó ń fà mí lápá. "Bàbá mi, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde." Mo mọ̀ pé mo ti bà á jẹ́. Mo ń dúró kí wọ́n lé mi síta.

Mo gbọ́ tí àga dún. Ọ̀gá wọn, onígíláàsì yẹn, ti yí tábìlì po. Mo ń wo bàtà rẹ̀. Lójijì mi ò rí bàtà mọ́, ojú rẹ̀ ni mo rí: òun náà ti dọ̀bálẹ̀, ó dojú kọ mí, tòun ti gíláàsì àti kóòtù.

Ó ní, "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ọmọ Kétu ni mí. Bí wọ́n bá gbọ́ nílé pé bàbá tó jù mí lọ dọ̀bálẹ̀ fún mi, tí mo jókòó, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé." Yorùbá tó já gaara ló fi sọ ọ́. Ó gbé mi dìde, ó gbọn aṣọ mi kó tó gbọn tirẹ̀. "A ò bá a jà o. Ìbéèrè là ń bi í. Ohùn wa ló máa ń le."

Mo wo onírùngbọ̀n. Ó ti dìde dúró, kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí.

Ọ̀gá náà ní kí wọ́n gbé àga fún mi síwájú. Ó ní, "Bàbá, ohun tó bi í nìyí. Gbogbo kànga tí ọmọ yín kọ̀wé nípa wọn, omi wọn mọ́ gaara lójú. Ta ló wá sọ fún un pé omi náà kò dára? Báwo ló ṣe mọ̀?" Ó yíjú sí Múlíkà. "Dá a lóhùn. Sọ ọ́ ní Yorùbá kí bàbá rẹ gbọ́. Èmi á túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tó kù."

Ìbéèrè náà, tèmi ni. Láti ìgbà tí mo ti ń gbẹ́ kànga, bí omi bá ti mọ́, tí kò rùn, tí mo tọ́ ọ wò tó dára lẹ́nu, màá sọ fún onílé pé kó máa mu ún lọ. Bí Múlíkà bá dáhùn báyìí, màá mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n. Bí kò bá sì lè dáhùn, kò sí Faransé tó máa bò ó fún mi.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó kọjú sí èmi, kò kọjú sí wọn.

"Bàbá mi, omi abẹ́ ilẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ó ń rìn. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, láti ibi tó ti ga lọ síbi tó ti rẹlẹ̀. Bí ṣọ́kàwéè, kòtò tí omi ṣáláńgá ń dà sí, bá wà lójú ọ̀nà rẹ̀, omi á gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé inú kànga yín. Yanrìn á sẹ́ ẹ, á mọ́ lójú, ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí á ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn ni mò ń wá nígbà tí mò ń gbé ìgò kiri. Mo rí kànga tó súnmọ́ ṣọ́kàwéè tí omi rẹ̀ dára, nítorí pé omi ibẹ̀ kò tíì kan ṣọ́kàwéè kó tó dé kànga. Mo sì rí èyí tó jìnnà réré sí i tí omi rẹ̀ ti bàjẹ́."

Ọ̀gá náà túmọ̀ rẹ̀. Onírùngbọ̀n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wá bi mí, "Bàbá, iṣẹ́ yín ni. Ṣé ó dáhùn?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà bi í ní ọ̀kan." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi ò ṣeré. "Múlíkà, bí mo bá dé ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí mi ò mọ òkè tí mi ò mọ ìsàlẹ̀, báwo ni màá ṣe mọ ibi tí omi ń rìn sí?"

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín láti àárọ̀. "Àwọn kànga àdúgbò ni kẹ́ ẹ wò, sà. Ẹ na okùn sínú kànga mẹ́ta káàkiri ibẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n bí omi ṣe jìn tó nínú wọn. Èyí tí omi rẹ̀ bá súnmọ́ òkè jù, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lomi ti ń bọ̀. Èyí tó bá jìn jù, ibẹ̀ ló ń lọ. Okùn yín tó wà nílé náà ni mo lò."

Mo wò ó níbi tó dúró sí. Ó ti sọ ohun tí mi ò mọ̀, lórí iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọ dàgbà, ó sì sọ ọ́ tó yé mi kedere. Mo ní, "Ó dáhùn."

Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jáde, wọ́n padà wọlé, gbogbo wa dìde, wọ́n ka nǹkan kan ní Faransé. Ọ̀gá ọmọ Kétu wò mí, ó ní, "Ó yege, Bàbá. Ó yege dáadáa." Mo wólẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni mo dọ̀bálẹ̀ fún lọ́tẹ̀ yìí. Lẹ́yìn náà la gbé àádùn jáde. Onírùngbọ̀n tọ́ ọ wò, ó padà wá, ó tún padà wá, títí tó fi ń lá ìka.

*Ayọ̀bọ̀*

Mo ti délé tán nígbà tí Bàbá Ṣeun ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gbẹ́ kànga ilé rẹ̀ tuntun ní Ayọ̀bọ̀. Mo bá a níbẹ̀. Ó ti to ríǹgì jọ sí igun kan lẹ́yìn ilé ìdáná, ó ti fi ẹfun sàmì sí ibi tó fẹ́.

Ó ní, "Bàbá Múlíkà, ẹ kú àbọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ti pé?"

Mo mú okùn mi, mo lọ sí ilé àwọn ará ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí n tó bèèrè kànga wọn, mo sì na okùn sínú mẹ́ta. Nígbà tí mo padà dé, mo ní, "A ò ní gbẹ́ ẹ síbí. Omi gba inú ṣọ́kàwéè yín kó tó dé igun yìí. Ẹ̀gbẹ́ gáráàjì la máa gbẹ́ ẹ sí."

Ojú rẹ̀ le. "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ gbẹ́ ti ilé mi ní Ìgándò. Ẹ ò na okùn kankan lọ́jọ́ yẹn, jàre."

Mo ní, "Ọmọ mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fi kọ́ ọ."

Bàbá Ṣeun wo okùn ọwọ́ mi, ó wo ṣọ́kàwéè rẹ̀, ó tún wo igun tó fi ẹfun sí. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ríǹgì àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lọ sí ẹ̀gbẹ́ gáráàjì. Ó dúró lójú ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá Múlíkà, kànga ilé mi ní Ìgándò yẹn, ṣé ọmọ yín bu omi tibẹ̀ náà sígò?"

Mo ní Múlíkà máa wálé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó bi òun alára. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kí i kú oríire kó tó bi í.